Iná Tí Mo So Mọ́ Ọkọ̀ Bàbá Wa

Ọjọ́ tí mo sọ ara mi di oníwáyà ò tíì kúrò lọ́kàn mi, bẹ́ẹ̀ ni ojú ṣì ń tì mí.

Ẹ̀gbọ́n mi ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ láti ìlú dé ìlú, inú bọ́ọ̀sì wọn ni wọ́n sì ń gbé: bẹ́ẹ̀dì ńbẹ̀, sítóòfù ńbẹ̀. Lẹ́yìn tí bàbá wa kú, Màmá ní kí a wọ́ ọkọ̀ Bàbá tó ti dẹnu kọlẹ̀ ní Ìpọ̀nrí, l'Ékòó, wá bá àwọn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n kàn fẹ́ máa rí i lójúde ni.

Ẹ̀gbọ́n fi irin so ó mọ́ ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì. Ó wá ku iná ẹ̀yìn, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ibi tí a fẹ́ yà sí. Wọ́n fẹ́ pe oníwáyà, mo ní kí wọ́n má dààmú. Ẹni tó ti tún fáànù ṣe rí, kí ni wáyà ọkọ̀ fẹ́ fi ṣe é?

Ẹ̀gbọ́n kì í pe òsì lórúkọ. Wọ́n ní ó jọ òṣì jù. Wọ́n jókòó síwájú bọ́ọ̀sì, wọ́n tẹ iná.

"Àbúrò, ọwọ́ àlàáfíà rèé o. So ó."

Èmi ọmọ Èkó rò ó pé ọwọ́ tí a fi ń jẹun ló yẹ kó ni àlàáfíà. Mo so ó mọ́ ọ̀tún. Wọ́n ní, "Ìkejì rèé," mo so ó mọ́ òsì.

"Ṣó ń ṣẹ́jú?"

"Ó ń ṣẹ́jú dáadáa, Ẹ̀gbọ́n."

Níbi tí a ti kọ́kọ́ yà, oníkẹ̀kẹ́ kan bú wa gidigidi. Mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé bóyá bọ́ọ̀sì wa ló wù ú. Ní oríta Costain, a fẹ́ yà sósì, iná ẹ̀yìn sì ń sọ pé ọ̀tún là ń lọ. Ọkọ̀ oníyanrìn kan gbà á gbọ́, ó gba òsì wa kọjá, ó sì run ọkọ̀ Bàbá mọ́ òpó iná. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò sẹ́ni nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wo iná tó ṣì ń ṣẹ́jú lápá ọ̀tún, wọ́n na ọwọ́ òsì wọn sí mi. "Èyí ńkọ́? Kí lo rò pé ó ń jẹ́?"

Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé òsì ni Ẹ̀gbọ́n ń pè ní ọwọ́ àlàáfíà. Wọ́n pe Màmá. Màmá bèèrè bóyá ara wa dá, wọ́n wá bèèrè ẹni tó so iná.

"Èmi ni, Màmá," Ẹ̀gbọ́n dáhùn.

"Kò burú. Ẹ bá mi yọ àga inú ọkọ̀ tí bàbá yín máa ń jókòó sí wá."

Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ tí kò bá yé mi, mo máa ń bèèrè, bí wọ́n tiẹ̀ fẹ́ pè mí ní ọ̀dẹ̀. Àga yẹn ló wà lójúde Màmá báyìí. Bí mo bá délé, wọ́n á ní kí n jókòó síbẹ̀. Mo máa ń rẹ́rìn-ín, n ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.