Kí Ló Ń Jó Nínú Ọkọ̀ Onípákó?

Ẹjọ́ tó dé ààfin lánàá, táyà mẹ́rin ló gbé e wá. Kí Baálẹ̀ tó jókòó ni mẹ́káníìkì ti wọ abẹ́ ọkọ̀ tuntun kan tó wà ní àgbàlá lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan la ń rí. Ó ń fi sípánà lu irin tí ẹnikẹ́ni kò ní kó lù.

"Ta ló ni ẹsẹ̀ yẹn?" ni Baálẹ̀ bèèrè.

"Èmi ni, bàbá. Mò ń wá òórùn."

"Máa wá a lọ, ṣùgbọ́n má pariwo. Ta ló pe ẹjọ́?"

Awakọ̀ kan dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Rọra ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí bó ṣe ń wa ọkọ̀.

"Èmi ni, bàbá. Onípákó tí ẹ rí yìí ni ọ̀gá mi. Wọ́n ra ọkọ̀ tuntun, wọ́n fi mí sídìí rẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí inú ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ohun tó ń jóná. Ọ̀gá mi ní sìgá ni mò ń mu. Bàbá, èmi kò mu sìgá rí! Èéfín ìdáná gan-an ń mú mi wúkọ́. Wọ́n lé mi lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì sọ ọ́ káàkiri. Ilé tí mo bá wá iṣẹ́ dé báyìí, kí n tó kí wọn tán, imú ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn."

Àwọn ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín. Rọra kò rẹ́rìn-ín.

"Mo ní ìyàwó, mo bímọ. Ọkọ̀ wíwà nìkan ni iṣẹ́ tí mo mọ̀. Orúkọ mi ni mo wá gbà."

Baálẹ̀ yíjú sí ọ̀gá rẹ̀. "Onípákó, o gbọ́?"

Onípákó tún fìlà rẹ̀ dé. "Mo gbọ́, bàbá. Ọkọ̀ yìí, ọ̀rá tí wọ́n fi bo ìjókòó rẹ̀ wà níbẹ̀ dòní, n kò tíì ya á. Ohun tuntun kì í dédé jóná. Ta ni kí n fura sí? Ọkọ̀ kò lẹ́nu tó lè fi mu sìgá. Awakọ̀ ló lẹ́nu."

"Ẹ̀rí rẹ dà?"

"Ẹnu rẹ̀ náà ni, bàbá."

"O rí sìgá lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Rárá o. Ọgbọ́n ló fi ń mu ún."

Rọra ké: "Bàbá, bí òórùn náà bá ti bẹ̀rẹ̀, iná pupa kan máa ń tàn níwájú mi. Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní ọ̀ṣọ́ ni!"

"Ọkọ̀ tuntun ni!" ni onípákó wí. "Kí ló dé tí kò ní tàn?"

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí onípákó. Aránṣọ ni, aládùúgbò tó ń bá wọn wọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀.

"Aránṣọ, òórùn kí lo gbọ́?"

"Sìgá, bàbá. Ojúlówó sìgá."

Ọ̀tún Baálẹ̀ na ọrùn. "Irú sìgá wo?"

"Èyí tó máa ń rùn bí ìgbà tí áyọ́nù bá jó ṣòkòtò oníbàárà."

"Ṣòkòtò ti jó mọ́ ọ lọ́wọ́ rí?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré, bàbá."

"Ṣé kì í ṣe ṣòkòtò mi tí o ní eku gbé lọ?"

Aránṣọ wo ilẹ̀. Baálẹ̀ ní kí Ọ̀tún fi ẹjọ́ ṣòkòtò tirẹ̀ sí abẹ́ àga ná.

"Èéfín ńkọ́, aránṣọ?"

"Mo rí i, bàbá."

"Ṣé ẹnu awakọ̀ ló ti ń jáde?"

"Rárá o. Ẹ̀yìn táyà."

"Ẹ̀yìn táyà ni awakọ̀ fi ń mu sìgá?"

"Bàbá, ohun tí wọ́n ní kí n wá sọ ni mo sọ."

Nǹkan kan já bọ́ lábẹ́ ọkọ̀, ó dún gbàǹgbà.

"Kí nìyẹn?"

"Kò sí nǹkan, bàbá," ni ẹsẹ̀ méjèèjì dáhùn. "Ó ti pọ̀ jù lábẹ́ ibí tẹ́lẹ̀ ni."

Ìyàwó onípákó kúnlẹ̀. "Bàbá, òótọ́ lèmi fẹ́ sọ. Bí Rọra bá gbé èmi àtàwọn ọmọ jáde, ọkọ̀ kì í rùn. Ọjọ́ tí ìyá ọkọ mi bá wọ̀ ọ́ nìkan ló máa ń rùn."

Onípákó fò sókè.

"Ẹ gbọ́ o! Ìyàwó mi ní ìyá mi ń rùn!"

"N kò sọ bẹ́ẹ̀ o!"

"O sọ ọ́! Níwájú gbogbo ayé!"

Ìyá onípákó jókòó jẹ́jẹ́, ìborùn tó nípọn lórí itan rẹ̀. "Fi í sílẹ̀, ọmọ mi. Ìyàwó tí kò bá sọ̀rọ̀ ìyá ọkọ, kí ló fẹ́ sọ? Mo wẹ̀ kí n tó jáde."

"Ó tó," ni Baálẹ̀ wí. "Ẹjọ́ òórùn, imú ló ń dá a. Ìyá, ẹ lọ jókòó síbi tí ẹ máa ń jókòó sí. Rọra, bọ́ sídìí ọkọ̀. Èmi àti Ọ̀tún á wà lẹ́yìn. Mẹ́káníìkì, jáde níbẹ̀, kó o sì dá ohun tí o yọ padà sí àyè rẹ̀."

Ìyá àgbà jókòó níwájú, ó tẹ́ ìborùn rẹ̀ dáadáa. Wọ́n yí àgbàlá po lẹ́ẹ̀kan. Kò sí nǹkan. Wọ́n tún yí i po, ewúrẹ́ kan sì gba iwájú wọn kọjá. Ìyá ní, "Yéè!" Iná pupa tàn. Òórùn dé. Kí ọkọ̀ tó dúró, Ọ̀tún ti bẹ́ sílẹ̀, ó ní òun kò wá kú nítorí ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́. Baálẹ̀ kò mira.

"Ìyá, ọwọ́ òsì yín dà?"

"Ó wà lábẹ́ ìborùn, Baálẹ̀. Òtútù ọkọ̀ yìí pọ̀."

"Kí ló dì mú?"

"Ìjánu ni."

"Ìjánu kí?"

"Ìjánu ọkọ̀. Irin àárín yìí. Ẹṣin ni bàbá tó bí mi ń gùn. Ẹni tó gun ẹṣin tí kò di ìjánu mú, ilẹ̀ ni yóò bá ara rẹ̀. Bí ọmọ yìí bá ti fẹ́ máa sáré, mo máa ń fà á sókè díẹ̀. Rọra ni gbogbo yín ń pè é. Ta lẹ rò pé ó mú un rọra?"

Bíréèkì ọwọ́ ni ìyá ń fà, èyí tí a fi ń so ọkọ̀ tó ti dúró mọ́lẹ̀, tí iná pupa sì máa ń tàn bí a bá fà á. Táyà ń yí, bíréèkì ń dì í mú. Ìjà àwọn méjèèjì ló ń rùn.

"Rọra, o kò rí i ni?"

"Bàbá, èmi ọmọ tí a kọ́, ṣé kí n máa yọjú wo abẹ́ ìborùn ìyá ọ̀gá mi? Mo rò pé ọkọ̀ ló wúwo. Ṣe ni mò ń tẹná mọ́ ọn."

Baálẹ̀ padà sórí àga. Kò fi àkókò ṣòfò.

"Rọra kò jẹ̀bi. Ọkọ̀ kò jẹ̀bi. Ìyá kò ní jókòó níwájú mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ àgbà kò gbọdọ̀ ṣófo. Mẹ́káníìkì, mú irú irin yẹn kan wá láti ara ọkọ̀ tó ti kú ní ṣọ́ọ̀bù rẹ. Kàn án mọ́ pákó, kó o dè é mọ́lẹ̀ níbi tí ìyá yóò máa jókòó lẹ́yìn. Onípákó, ìwọ lo ni pákó. Rọra, bó bá ti dún, kó o dẹ eré, kó o sì wí pé, 'Ẹ ṣeun, ìyá, ẹ yọ wá.'"

"Mo gbọ́, bàbá."

"Onípákó, dá Rọra padà sẹ́nu iṣẹ́ lónìí. Gbogbo ilé tí o ti bà á lórúkọ jẹ́, ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ jọ máa lọ. Kí o sọ pé irọ́ lo pa. Kí ìwọ kọ́kọ́ yanu kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀, lẹ́yìn náà kí òun yanu."

"Bàbá, ẹ ṣàánú mi. Mo jẹ àlùbọ́sà láàárọ̀ yìí."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Kí o sì ya ọ̀rá ìjókòó yẹn. Ó lẹ̀ mọ́ mi nídìí."

"Aránṣọ ńkọ́?" ni ẹnì kan bèèrè.

"Ẹ fi ìyẹn lé mi lọ́wọ́," ni Ọ̀tún wí.

Mẹ́káníìkì lọ mú irin wá, ó kàn án, ó dè é, ó mì ín wò. Ìyá fà á, ó dún ká.

"Èyí dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ," ni ìyá wí.

Mẹ́káníìkì nu ọwọ́, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Rọra ṣáná sí ọkọ̀. Bí wọ́n ṣe ń jáde ní ẹnu ọ̀nà la ń gbọ́ ọ: ká, ká, ká. "Ẹ ṣeun, ìyá, ẹ yọ wá." Kò sí òórùn kankan. Wọ́n yà sí ọ̀nà ilé àkọ́kọ́, onípákó níwájú, ó yọ orí sí ojú fèrèsé, ó ya ẹnu sílẹ̀ gbàgà kí atẹ́gùn lè fẹ́ òórùn àlùbọ́sà lọ.