Pùròpélà Kan fún Gbogbo Àìsàn

Ọkùnrin tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ló sọ ara rẹ̀ lórúkọ. Ó ní kí gbogbo èbúté máa pe òun ní Ẹ̀rọgbọ́tèmi, ó sì máa ń dúró kí ènìyàn pè é tán pátápátá kó tó dáhùn. Tí o bá gé e kúrú, ẹlòmíràn lo pè.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí omi. Pùròpélà ló ń tà, ìyẹn irin eléwé tó máa ń yí lábẹ́ omi lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, tó ń ti ọkọ̀ síwájú. Àwọn oníṣòwò yòókù a máa kó tiwọn jọ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí igi ìdáná. Ẹ̀rọgbọ́tèmi tẹ́ àrán pupa sábẹ́ tirẹ̀, ó tan iná sí i lórí, ó sì ń fi ìnujú nù ún láràárọ̀. A kò rí i kó nu imú ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Oríṣi kan ṣoṣo ló ní: èyí tó tóbi jù, tó ń dán jù, tí ewé rẹ̀ sì tẹ̀ jù. Ó ní bí ewé bá ṣe tẹ̀ tó ni ọkọ̀ yóò ṣe sáré tó. Òótọ́ ni, bí ọkọ̀ bá ṣófo. Bí ọkọ̀ bá kún, ẹ́ńjìnnì tó ń yí irú ewé bẹ́ẹ̀ dà bí ẹni tó fi jíà ńlá gun òkè lórí kẹ̀kẹ́: á máa mí hẹlẹhẹlẹ, kò sì ní kúrò lójú kan. Ẹ̀rọgbọ́tèmi kò mọ apá kejì yìí. Kì í ṣe pé ó fi í pamọ́. Òun nìkan ló máa ń wà nínú ọkọ̀ nígbà tó bá ń dán pùròpélà wò, kí ẹnikẹ́ni má baà dí i mọ́ àwọn tó ń wò ó láti etí omi.

Ó tún ní irinṣẹ́ tí àwọn dókítà fi ń gbọ́ àyà. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ẹ́ńjìnnì wá, á fi í sétí, á gbé ẹnu rẹ̀ lé ẹ́ńjìnnì náà, á dijú, á sì mi orí bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Ìgbà náà ni yóò wá dárúkọ àìsàn. Bàbá apẹja kan ní páìpù epo òun dí. Pùròpélà ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní bátìrì òun ti kú. Pùròpélà ni. Aránṣọ kan tó kàn yà wá béèrè ọ̀nà sá jáde nígbà tó rí i tó nawọ́ sí irinṣẹ́ náà.

Àǹtí Ọlọ́kọ̀ náà ra ọ̀kan. Obìnrin yìí ló ń kó àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ bíríkì lọ sí òdìkejì omi láàárọ̀, tó sì ń kó wọn padà nírọ̀lẹ́. Láti ọjọ́ tó ti de pùròpélà náà mọ́ ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ rẹ̀ kò gbéra dáadáa mọ́, ẹ́ńjìnnì ń gbóná, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ó gbé e padà lọ. Ẹ̀rọgbọ́tèmi fetí sí ẹ́ńjìnnì títí, ó wá ní àwọn èrò ló jẹ̀bi, pé wọ́n ń jẹun jù.

"Ṣé kí n máa wọ̀n wọ́n kí wọ́n tó wọlé ni?" Àǹtí Ọlọ́kọ̀ béèrè.

"Ìyẹn á dáa."

Obìnrin náà kò bá a jà. Ó tú pùròpélà náà, ó dá ògbólógbòó tirẹ̀ padà, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó wá sọ fún gbogbo ẹni tó béèrè, àti àwọn tí kò béèrè pàápàá. Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá ní ṣọ́ọ̀bù aláràn-án.

Ibí ni ojúkòkòrò ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìgbéraga. Ní ìpàdé àwọn ọlọ́kọ̀, Ẹ̀rọgbọ́tèmi dìde, ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó ní ẹ̀mí àwọn èrò ń jẹ òun lọ́kàn. Ó dábàá pé láti oṣù tó ń bọ̀, ọkọ̀ tí kò bá lo pùròpélà tó yẹ kò gbọdọ̀ gúnlẹ̀ sí èbúté mọ́. Alága béèrè ibi tí wọ́n ti ń ta èyí tó yẹ. Ó ní Ọlọ́run ṣe é, ṣọ́ọ̀bù òun kò jìnnà.

Gbogbo wa mọ ẹni tó torí rẹ̀ gbé òfin náà wá. Tí wọ́n bá fọwọ́ sí i, Àǹtí Ọlọ́kọ̀ yóò de ohun tó ń ba ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ padà, tàbí kó wá iṣẹ́ mìíràn. Ọkọ̀ yẹn ló sì fi ń tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Alága, tó fẹ́ràn ohun tó bá ń dán, ti ń mi orí. Ó ní kí Ẹ̀rọgbọ́tèmi fi ọkọ̀ rẹ̀ hàn wọ́n láàárọ̀ Sátidé, lẹ́yìn náà kí wọ́n nawọ́ dìbò lórí òfin náà.

Ká ní òun nìkan ló wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ náà bó ṣe máa ń ṣe, ì bá borí. Ọkọ̀ ì bá fò, àwọn ènìyàn ì bá pàtẹ́wọ́, òfin ì bá sì dúró. Ṣùgbọ́n irú ọlá bẹ́ẹ̀ kò ṣeé dá nìkan jẹ. Ó fi alága síwájú, ó fi ìyàwó alága tì í. Ó kó ìyàwó tirẹ̀ wọlé, ó kó bàbá àti ìyá ìyàwó rẹ̀, tí wọn kò fìgbà kan gbà pé ènìyàn ni. Ó kó ayàwòrán méjì, ọ̀kan fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ọ̀kan fún ti òsì. Nígbẹ̀yìn gbẹ́yín ló gbé sipíkà ràgàjì kan wọlé, kí èbúté lè máa gbọ́ ọ, àti jẹnẹrétọ̀ tí sipíkà yóò lò.

Àǹtí Ọlọ́kọ̀ ń wò wọ́n láti inú ọkọ̀ tirẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá," ó ní, "ó ku bẹ́ẹ̀dì."

Ẹ̀rọgbọ́tèmi tan sipíkà. Ó gbé ẹnu sí máíkì rẹ̀, ó ní kí a tó ṣẹ́jú, òun ti dé òdìkejì.

A ṣẹ́jú. A tún ṣẹ́jú. Imú ọkọ̀ ń wo ọ̀run, ìdí rẹ̀ rì, ẹ́ńjìnnì ń kùn, ọkọ̀ sì ń wọ́ bíi kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń fà lórí kápẹ́ẹ̀tì. Bàbá arúgbó kan tó ń fi àjẹ̀ tu ọkọ̀ kékeré yà wọ́n sílẹ̀. Ó kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bó ṣe ń kọjá.

Sipíkà ṣì wà ní títàn, nítorí náà kò sí ohun tó fò wá.

"Kí ló dé tí kò sáré?" Ohùn alága nìyẹn.

"Omi ló nípọn lónìí, ọ̀gá."

"Omi ń nípọn?" bàbá ìyàwó rẹ̀ béèrè.

Ẹ̀rọgbọ́tèmi mú irinṣẹ́ dókítà rẹ̀ jáde. Ó fi í sétí, ó fara ti ẹ́ńjìnnì. Gbogbo wa na ọrùn létí omi. Ohùn ìyá ìyàwó rẹ̀ ni a gbọ́, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ ran ọmọ lọ́wọ́:

"Àbí pùròpélà ni?"

Ẹ̀rín tó sọ ní èbúté dé ọ̀dọ̀ wọn níbi tí wọ́n wà. Ó bí i nínú. Ó fi gbogbo agbára yí ọwọ́ ẹ́ńjìnnì dé òpin. Rọ́bà tó wà láàárín pùròpélà, tó so ó mọ́ ọ̀pá tó ń yí i, já. Ẹ́ńjìnnì ké bí ẹni tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n pùròpélà dúró jẹ́ẹ́, ìṣàn omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn ènìyàn pàtàkì lọ sínú koríko, omi sì ń wọ inú ọkọ̀ wọn láti ìdí tó rì.

Àǹtí Ọlọ́kọ̀ ló lọ fà wọ́n. Bíríkì tó ń bá ilé iṣẹ́ náà kó kún inú ọkọ̀ rẹ̀, síbẹ̀ ó dé ọ̀dọ̀ wọn kí ìyàwó alága tó parí ẹkún. Ó ju okùn sí wọn.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi dì í mú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa sipíkà yẹn, àwọn kan ṣì ń sùn."

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, Ẹ̀rọgbọ́tèmi ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó tún táì ṣe, ó ní òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, kí ará ìlú lè rí ewu tó wà nínú ẹrù àpọ̀jù. Alága, tí omi ń dún nínú bàtà rẹ̀, kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó kàn ní kí àwọn tó fara mọ́ òfin náà nawọ́ sókè.

Ẹ̀rọgbọ́tèmi na tirẹ̀, gbọọrọ, ó sì kọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí ayàwòrán. Ayàwòrán ń gbọn omi kúrò nínú kámẹ́rà. Kò sí ọwọ́ mìíràn lókè. Ọwọ́ náà dá dúró pẹ́, nítorí ẹni tó ni ín kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ohun tí wọ́n bá ti gbé sókè kalẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ló bá a fà á wálẹ̀.

"Ó tó," obìnrin náà wí. "Bọ́ sí iwájú, jẹ́ ká máa lọ ilé."