Dusty Ní Kí Màmá Má Fọwọ́ Sí I

“‘Ẹ gbọ́ mi dáadáa, ẹ̀yin ará Texas. Tí ìjọba bá fún ẹ ní káàdì ìlera lónìí, ọ̀la ló máa wá kó màlúù ẹ.’” Tófúnmi ti ki àtàǹpàkò méjèèjì bọ inú bẹ́líìtì ṣòkòtò ẹ̀ tó ya lórúnkún, ó ń fi imú sọ̀rọ̀, ó ya ẹsẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin. “Màmá, inú apartment la wà. Màlúù yín dà? Ṣé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lẹ so ó mọ́?”

“Má fi Dusty ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú mi.”

Fóònù ilé wà lórí tábìlì láàárín Màmá àti ọmọ ọmọ wọn obìnrin, wọ́n ṣí speaker ẹ̀ sókè, ó sì ti ń kọ orin dùùrù kan náà fún bíi wákàtí kan. Àwọn tó ń gba orúkọ fún káàdì ìlera ni wọ́n pè, òní sì ni òpin. Aago márùn-ún ni wọ́n máa ṣíwọ́, aago mẹ́rin ti kọjá dáadáa. Tí ẹni tó wà lódì kejì bá gbé e, Màmá gbọ́dọ̀ fi ohùn ara wọn sọ pé “yes”. Láìsí káàdì yẹn, kò sí ẹni tó máa san owó iṣẹ́ abẹ ojú, funfun tó ti bo ojú òsì Màmá á sì máa gbé orí ibẹ̀, ó sì ti ń wo ojú ọ̀tún báyìí bí ayálégbé tó fẹ́ gba yàrá kejì.

“Màmá, òṣèré ni Dusty Harlan.”

“Mo mọ̀. Mo ti wo gbogbo fíìmù ẹ̀. Ìbọn mẹ́fà ló bà á nínú èyí tí wọ́n ṣe láṣálẹ̀ yẹn. Ṣé ó lọ sí hospital? Ó fi ọ̀bẹ yọ ọta, ó da ọtí lé e, ó gun ẹṣin ẹ̀ lọ. Ẹni tó mọ ìtọ́jú ara tó báyẹn bá ní ká má gba káàdì, ìwọ tó o sunkún nítorí abẹ́rẹ́ flu ni kí n wá máa gbọ́ tiẹ̀?”

“Sinimá ni, Màmá.”

“Kó tó lè ṣe é ní sinimá, ó ní láti ti rò ó dáadáa nílé.”

Tófúnmi di orí mú. Nígbà tó yá, ó ju irun tí kò ní sẹ́yìn èjìká, ó sọ ohùn di tẹ́ẹ́rẹ́. “Ó dáa. Velora ńkọ́? Velora náà gbajúmọ̀. ‘Ẹ̀yin olólùfẹ́ mi, gbogbo wa pátá ló yẹ kí káàdì bò.’”

“Ta ni Velora?”

“Olórin yẹn, Màmá. Èyí tó kọrin níbi bọ́ọ̀lù.”

“Èyí tó wọ àwọ̀n ẹja?”

“Aṣọ orí ìtàgé ni.”

“Ẹni tí kò rí nǹkan fi bo ara ẹ̀, òun ló fẹ́ kí wọ́n bo tèmi. Gbé e kúrò níbẹ̀.”

Orin dùùrù dákẹ́. Obìnrin kan tí wọ́n ti gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀ sọ pé ìpè wọn ṣe pàtàkì púpọ̀, kí wọ́n jọ̀ọ́ dúró.

“Ẹ ṣeun o,” ni Màmá dá a lóhùn. Orin tún bẹ̀rẹ̀. “Ìgbà kẹẹ̀ẹ́dógún tó máa sọ ọ́ rèé. Ẹni tó bá ṣe pàtàkì, ṣé ẹnu ọ̀nà lèèyàn ń fi í sí?”

“Ẹ jẹ́ ká fi àwọn òṣèré sílẹ̀, Màmá. Ẹgbẹ́ òṣèlú wo gan-an lẹ̀ ń ṣe?”

“Mi ò ṣe ẹgbẹ́ kankan. Ọmọ Jésù ni mí.”

“Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ elérin, àwọn tó fi erin ṣe àmì, ni Dusty.”

“Ìyẹn kàn án. Tèmi, tó bá di dandan, oníkẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni màá bá lọ. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni Olúwa gùn wọ Jerúsálẹ́mù. Kò gun erin.”

“Ẹgbẹ́ oníkẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló ní ká gba káàdì.”

Màmá tún gèlè wọn tí kò wọ́ ṣe.

“Nígbà tí Olúwa débẹ̀,” ni Màmá wí, “ó sọ̀ kalẹ̀.”

“Màmá.”

“Kí ni? Látọjọ́ tí mo ti dé ìlú yìí ni wọ́n ti ń jà lórí káàdì yìí. Àwọn kan ní àwọn máa fà á ya, àwọn kan ní àwọn máa fẹ̀ ẹ́ sí i. Ilé tí wọ́n ń jà sí ní kóòtù, ìwọ ní kí n lọ gba yàrá níbẹ̀.”

“Ẹni tí òjò ń pa kì í bèèrè ẹni tó ni ilé.”

“Òjò wo ló ń pa mí? Ojú mi ò ṣe nǹkan kan.”

“Lọ́jọ́ Sátidé, nínú mall, ẹ kí ère tí wọ́n wọ aṣọ sí lọ́rùn.”

“Ó jọ èèyàn.”

“Ẹ ní kò lẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé kò dá yín lóhùn.”

“Kò sì lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kí i, ó kàn ń wò mí.”

“Láàárọ̀ yìí ńkọ́? Èmi lẹ̀ ń bá wí, fìríìjì lẹ kọjú sí.”

“Fìríìjì gbọ́ràn jù ẹ́ lọ.”

“Deaconess Olúwatọ́mi tó ń gbé ní Cinco Ranch ti ṣe iṣẹ́ abẹ tiẹ̀, Màmá. Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ó ti padà sórí freeway báyìí, ó ń wa mọ́tò.”

“Ẹ̀rí tí mo ní nìyẹn. Kí wọ́n tó là á lójú, ọmọlúàbí ni. Ní báyìí ó ti ń ka iye ìgbà tí mo wọ léèsì kan náà wá sí church.”

Aago lára máíkírówéèfù sún sí mẹ́rin kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Tófúnmi wò ó, ó wo Màmá, ó wo fóònù Màmá tó wà lórí itan wọn. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí Màmá ti lè ka orúkọ ẹni tó ń pè wọ́n kẹ́yìn.

“Màmá, mo ń bọ̀. Mo fẹ́ dé toilet.”

“Kó o fọ ọwọ́ o.”

Tófúnmi ṣí omi sílẹ̀ kó máa ya, kó má bàa sí ẹni tó máa gbọ́ ohùn ẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ó di imú, ó tẹ nọ́ńbà Màmá. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n jọ sọ, Màmá fi ti Abẹ́òkúta, Dusty fi ti àwọn ẹlẹ́ṣin, ṣùgbọ́n bó ṣe rí lédè tiwa rèé.

“Hẹ́lò. Ta nìyẹn?”

“Good afternoon, mà. Dusty Harlan ni, láti Hollywood.”

Tófúnmi yọjú lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ẹ̀yìn Màmá nìkan ló rí, ẹ̀yìn náà ò sì mì.

“Dusty tòótọ́?”

“Èmi ni, mà. Mo gbọ́ pé ẹ̀ ń wo gbogbo fíìmù mi. Ẹ ṣeun gan-an, mà.”

“Ta ló fún ẹ ní nọ́ńbà mi?”

“Pastor yín ni, mà.”

“Níbo lo ti mọ pastor wa?”

“A jọ… ibì kan náà la ti ń ra ẹṣin.”

“Hẹn-ẹn.” Màmá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

“Sorry, mà,” ni Dusty wí.

“Yéè, mo tún fi orúnkún gbá tábìlì.”

“Hà, sorry, mà. Ẹ rọra o. Ẹ fi ọwọ́ rà á.”

“O ṣeun, ọmọ dáadáa. Kí ni mo lè ṣe fún ẹ?”

“Ọ̀rọ̀ káàdì ìlera yẹn ni, mà. Mo ti yí ọkàn padà. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀, àwọn tó ní màlúù ni mò ń bá wí. Ẹ̀yin ò ní màlúù. Ẹ gbà á.”

“Ìwọ fúnra ẹ ní káàdì?”

“Mo ní i, mà. Àwọn tó ń ṣe fíìmù ló ṣe é fún wa.”

“Ìbọn mẹ́fà yẹn ńkọ́?”

“Tòmátò ni ẹ̀jẹ̀ yẹn, mà.”

Màmá mí kanlẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún sọ̀rọ̀, ohùn wọn ti wálẹ̀.

“Dusty, jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ẹ, nítorí pé o kì í ṣe ará ilé. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́. Erin ò ṣe mí, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ò ṣe mí. Iṣẹ́ abẹ yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Wọ́n ní èèyàn kì í sùn tí wọ́n bá ń ṣe é. Ẹnì kan á mú irin bọ̀, á máa bọ̀, ó ń bọ̀ wá sínú ojú mi, mo sì wà lójúfò. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ìyẹn fún àwọn ọmọ mi? Èmi tí mò ń gbàdúrà lé gbogbo ìjọ lórí. Nígbà tí mo gbọ́ tí ìwọ ní ká má gba káàdì, ó bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo ní, ó dáa, Dusty ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi.”

Omi ń ya. Tófúnmi ti gbàgbé láti di imú.

“Ẹ má bẹ̀rù, mà,” ló wí. “Màá wà níbẹ̀.”

“Ìwọ? Láti Hollywood?”

“Màá wá. Màá di ọwọ́ yín mú títí wọ́n á fi ṣe tán.”

“O ò ní pẹ́ dé?”

“Mi ò ní pẹ́, mà.”

“O ò ní máa tẹ fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi?”

“Mi ò ní fọwọ́ kàn án.”

“Ṣòkòtò tó ya lórúnkún yẹn ńkọ́?”

“Ẹṣin… ẹṣin ló fà á ya, mà.”

“Síkẹ́ẹ̀tì ni kó o wọ̀ wá.”

Dusty wo orúnkún ara ẹ̀.

“Dusty, mo ní síkẹ́ẹ̀tì.”

“Yes, mà.”

Lórí tábìlì, orin dùùrù já lójijì. Ohùn èèyàn ẹlẹ́ran ara kan sọ pé òun ni Anthony, ó sì bẹ̀bẹ̀ pé àwọn pẹ́.

“Dusty, máa lọ ná,” ni Màmá wí. “Àwọn èèyàn mi ti dé.” Wọ́n pa fóònù náà.

Tófúnmi jáde, ó dúró sẹ́yìn àga. Kò mọ ibi tí ì bá gbé ojú sí. Màmá ò wo ọ̀dọ̀ ẹ̀. Wọ́n sọ orúkọ fún Anthony, wọ́n sọ ọjọ́ ìbí, wọ́n sọ àdírẹ́sì, wọ́n kí Anthony kú iṣẹ́, wọ́n bèèrè bóyá ó ti jẹun. Anthony rẹ́rìn-ín, ó ní kò tíì rí àyè. Lẹ́yìn náà ló ka ìwé gígùn kan jáde lẹ́nu kan, ó ní tí wọ́n bá gbà sí gbogbo ẹ̀, kí wọ́n sọ ọ́ sókè.

Màmá fi ọwọ́ méjèèjì di etí tábìlì mú.

“Yes,” ni Màmá wí.

Tófúnmi mí síta. Ó tẹ̀ sí etí Màmá, ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. “Ìgbà wo lẹ mọ̀?”

“Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí mo ti wà ní Houston,” ni Màmá náà rọra wí. “Kò tíì sí òyìnbó tó bẹ̀ mí nítorí ikọ́ tí kì í ṣe òun ló kó o ràn mí.”

Anthony tún bèèrè ọ̀rọ̀ kan. Ó ní tí àwọn ò bá rí Màmá pè, ta ni kí àwọn bá sọ̀rọ̀?

“Dusty Harlan.”

Anthony tún orúkọ náà pè. “Orúkọ ẹ̀ ló jọ ti òṣèré yẹn ni àbí?”

“Òun gan-an ni. Kọ ọ́ sílẹ̀.”

“Kí ló jẹ́ sí yín, mà’am?”

“Ọmọ ọmọ mi obìnrin ni.”

Ìró mọ́tò kan dún nísàlẹ̀, ilẹ̀kùn bùútù ṣí, ohùn ìyá Tófúnmi sì gun àtẹ̀gùn wá láti ibi tí wọ́n ń páàkì sí. “Tófúnmi! Wá bá mi kó ẹrù yìí wọlé.”

Tófúnmi ò kúrò lójú kan. Màmá fi ọwọ́ bo ẹnu fóònù.

“Dusty, ìyá ẹ ń pè ẹ́. Gun ẹṣin ẹ, kó o lọ gbé ìrẹsì.”