Agolo Fín-Má-Jò

Bí o bá ń wá ibi tí ìgbéraga ń gbé ní Mowe, má béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ilé Lásúnkànmí ni.

Ilé méjì péré ni ọkùnrin yìí wáyà iná fún rí, èkejì sì jó díẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti sọ ara rẹ̀ di Ẹnjiníà. Bí o bá pè é ní orúkọ lásán, kò ní dá ọ lóhùn. "Ẹ fi Ẹnjiníà síwájú," ni yóò wí. "Orúkọ àgbà kì í rìn ní ìhòòhò."

Lọ́dún yìí ó ní òun ti ṣe ohun tí òyìnbó ò rí ṣe: agolo lọ́fínńdà, irú èyí tí a ń tẹ̀ lórí tó ń fín ṣììì. Ó ní tòun kì í jò láéláé. Bó bá sì tán, wọ́n á yọ́ ọ ṣe agolo mìíràn, kò ní di ìdọ̀tí inú gọ́tà. Ó tẹ àwòrán ara rẹ̀ sí i lára, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: FÍN-MÁ-JÒ, IṢẸ́ ỌPỌLỌ ẸNJINÍÀ.

Àmọ́ kì í ṣe lọ́fínńdà ló ń wá. Ilẹ̀ ló ń wá. Ẹgbẹ́ onílé ní Ibafo ní ilẹ̀ gbọọrọ kan lẹ́bàá títì márosẹ̀, níbi tí Hàfísátù ti ń ra kóńdẹ̀mù, ìyẹn àlòkù irin àti agolo, láti ọdún méjìlá. Ibẹ̀ ló ti ń jẹun, ibẹ̀ náà ló ti ń rán ọmọ mẹ́ta níléèwé. Lásúnkànmí ní kí wọ́n lé e kúrò, kí òun kọ́ ilé iṣẹ́ síbẹ̀. Alàgbà Ọláwuyì, alága ẹgbẹ́, ní kó kọ́kọ́ wá fi agolo ọ̀hún hàn ní gbangba, lórí ilẹ̀ náà gan-an.

Níbo wá ni Ẹnjiníà ti rí agolo? Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Ó rán Mùsáfírù, fọkanáísà tó ń lẹ táyà ní Magboro, pé kó lọ ra àpò agolo àlòkù méjì wá lọ́wọ́ Hàfísátù yìí kan náà, kó má sì sọ ẹni tó rán òun. Ó fi Mùsáfírù joyè Dàrẹ́kítọ̀ Atẹ́gùn. Gbogbo agolo náà ló ní ihò mẹ́ta nídìí. Ibẹ̀ ni wọ́n gbà rọ omi káfúrà sínú wọn, wọ́n fi gọ́ọ̀mù àwọn aránbàtà dí ihò náà, wọ́n kun ọ̀dà búlúù lé e. Mùsáfírù wá fi ẹ̀rọ táyà fẹ́ atẹ́gùn gba ẹnu agolo wọlé.

"Ọ̀gá, ìdí ẹ̀ yìí ń bà mí lẹ́rù o," ni Mùsáfírù wí.

"Ta ló ń wo ìdí agolo? Ojú ẹ̀ ni wọ́n ń wò, àwòrán mi ló sì wà níbẹ̀!"

Ọjọ́ Sátidé pé. Àwọn onílé jókòó sábẹ́ ìbòòji. Ẹnjiníà dé nínú agbádá funfun báláú, Mùsáfírù ń tẹ̀lé e lẹ́yìn. Ó to ogójì agolo sórí tábìlì nínú oòrùn gangan, kí àwòrán òun lè máa dán. Ó wá sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan ààbọ̀. Ó pe ara rẹ̀ ní Àgbà-Ọ̀jẹ̀-Atẹ́gùn. Ó pe ara rẹ̀ ní Ọ̀gá-Òyìnbó. Gbogbo bó ṣe ń ki ara rẹ̀ ni oòrùn ń se gọ́ọ̀mù.

Hàfísátù kúnlẹ̀ níwájú àwọn àgbà. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá fi lè pàtẹ́wọ́ báyìí, òun ti dẹni tí kò níbi tí yóò gbé ìwọ̀n kalẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ló wí. "Táwa oní-kóńdẹ̀mù bá ra irú agolo yìí, a kọ́kọ́ máa ń fi ìṣó gún ìdí ẹ̀ ni, kí atẹ́gùn tó kù lè jáde. Tí ò bá jáde, ó máa bú gbàmù mọ́ àwọn tó ń yọ́ ọ. Ṣé a máa lè gún tiyín náà?"

Lásúnkànmí rẹ́rìn-ín títí agbádá fi ń mì.

"Gún kẹ̀! Màdáámù, teknọ́lọ́jì lèyí, kì í ṣe panla. Tuntun látinú páálí ni! Ìṣó kankan ò kan ìdí ẹ̀ rí láyé! Alàgbà, ẹ dojú ẹ̀ dé, kí ẹ fojú ara yín wò ó."

Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọ̀kan fún Alàgbà. Alàgbà dojú rẹ̀ dé, ó sún ìdí rẹ̀ mọ́ ojú.

Fììì! Gọ́ọ̀mù yọ, káfúrà sì tú sí Alàgbà nírùngbọ̀n. Bí èyí tó wà lórí tábìlì ṣe gbọ́ nìyẹn, òun náà fò sókè. Òmíràn tẹ̀lé e. Kí a tó wí kí a tó fọ̀, agolo ń fò káàkiri, ọ̀dà búlúù bá omi ṣàn, agbádá Ẹnjiníà sì di àdìrẹ láìdé ọjà aládìrẹ n'Ítòkú. Òórùn káfúrà, èyí tí wọ́n fi ń wẹ òkú, gba gbogbo ilẹ̀ kan.

"Innaa lillaahi!" ni bàbá kan kígbe. "Ta ló kú?"

Hàfísátù ṣa agolo kan nílẹ̀, ó yí i padà.

"Ihò mẹ́ta, bí ààrò. Bí mo ṣe máa ń gún un gan-an nìyí! Mùsáfírù, ṣé kì í ṣe èyí tí o rà lọ́wọ́ mi?"

Mùsáfírù ti dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. "Ẹ dákun, Alàgbà. Ọ̀gá ló rán mi. Atẹ́gùn nìkan ni tèmi níbẹ̀."

Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ṣoṣo ni ti olóhun. Alàgbà nu irùngbọ̀n rẹ̀, ó wo Lásúnkànmí tìkà-tẹ̀gbin.

"Ẹnjiníà, ẹ ní ìṣó ò kàn án rí?"

"Alàgbà... ihò yẹn... ihò ìmí ni. Agolo náà gbọ́dọ̀ máa mí."

Ẹ̀rín bú. Àwọn ọ̀dọ́ tó wá wòran fún un ní orúkọ tuntun lójú ẹsẹ̀: Ẹnjiníà Jò-Nídìí. Alàgbà ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti parí, kí oní-kóńdẹ̀mù máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Hàfísátù kò fi àkókò ṣòfò. Ó mú ìṣó, ó ń gún àwọn agolo tí kò tíì bú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń jù wọ́n sínú àpò, títí ó fi kan ẹsẹ̀ Lásúnkànmí, tó ṣì dúró sójú kan tó ń kán tótó.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ló wí pẹ̀lẹ́, "ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò. Ibi iṣẹ́ mi lẹ dúró lé."

Ẹnjiníà gbẹ́sẹ̀.