Ọbẹ̀ Tó Ń Gbé Bọ́ọ̀lù Fò Kọjá Ògiri

Bí ẹ bá pàdé Evaristo Montilla ní ìlú San Pedro, apá rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kí, kí ẹ tó kí òun fúnra rẹ̀. Apá ọ̀tún ń jẹ́ Àrá, tòsì ń jẹ́ Ìjì. Gbogbo ẹ̀wù rẹ̀ ló ti gé ọwọ́ wọn dànù, títí kan èyí tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ẹnikẹ́ni, á dúró wo ara rẹ̀ nínú gíláàsì, onímọ́tò á sì jókòó sínú ọkọ̀ títí ọ̀gá á fi wòran ara rẹ̀ tán.

Kò tíì pẹ́ rárá tí bọ́ọ̀lù àfigigbá tí Evaristo ń gbá fún Ẹgbẹ́ Ìrèké kì í kọjá àárín pápá. Àfi bí ọrùn rẹ̀ ṣe ki pọ́pọ́, tí itan di òpó, tí bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í fò kọjá ògiri, tó ń lu páànù orí ilé àwọn aráàdúgbò. Wọ́n sọ ọ́ ní Òkè-Ń-Rìn, Afigi-Lé-Bọ́ọ̀lù-Sókun.

"Evaristo, kí lò ń jẹ?" àwọn oníròyìn bi í.

"Sankóṣo ìyá mi ni! Ọbẹ̀ ewúrẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwo kan láàárọ̀, àwo kan lálẹ́. Ẹni tí kò bá lágbára, kó lọ fẹjọ́ ìyá tiẹ̀ sùn!"

Irọ́ funfun báláú. Abẹ́rẹ́ ni ọ̀gá ń jẹ. Oògùn agbára tí àjọ bọ́ọ̀lù fòfin dè ló ń fà sára. Bí ọjọ́ àyẹ̀wò bá ń bọ̀, á dáwọ́ dúró. Bí àwọn aláyẹ̀wò bá ti lọ, á tún bẹ̀rẹ̀. Inú firíjì ìyá rẹ̀, Donya Eduvigis, ló ń kó àwọn ìgò náà pa mọ́ sí. Ó ní fítámì ni.

Ni Ọ̀gbẹ́ni Paniagua, tó ń ṣe oúnjẹ inú agolo, bá wá bá a: ó fẹ́ máa ta ọbẹ̀ náà káàkiri ayé.

"Ṣé apá mi á hàn lára agolo?" Evaristo béèrè.

"Méjèèjì."

"Ẹ jẹ́ kí agolo yẹn tóbi sí i."

Ọjọ́ àṣekágbá ìdíje ni wọ́n fi ìfilọ́lẹ̀ sí, láàárín pápá, kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé àwòrán Evaristo tó ga bí ilé kalẹ̀. Donya Eduvigis se ìkòkò ràgàjì kan. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo pápá.

"Màmá, ẹ ṣáà sọ fún wọn pé mò ń jẹ ẹ́," Evaristo sọ sí i létí.

"Ìgbà wo lo jẹ ẹ́?"

"Ẹ kàn máa rẹ́rìn-ín."

Wọ́n fún ìyá ní gbohùngbohùn. Kó tó la ẹnu, obìnrin kan dìde láàárín èrò, ó gbé ọmọ rẹ̀ sókè. "Donya, ọmọ mi ti ń jẹ sankóṣo láti oṣù tó kọjá, apá ẹ̀ ṣì rí bí ẹyọ ìgbálẹ̀! Àbí ọbẹ̀ yín ò dáa ni?"

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Ojú Donya Eduvigis pọ́n. Ẹ lè bú ilé rẹ̀, ẹ lè bú irun rẹ̀, ṣùgbọ́n ìkòkò rẹ̀ kọ́!

"Ọbẹ̀ tèmi?"

"Màmá, ẹ̀rín!" Evaristo ń bẹ̀bẹ̀.

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́! Ẹ̀yin ará San Pedro, ọmọ yìí ò fi ọbẹ̀ mi kan ẹnu láti ọdún tó kọjá. Ó ní ó ń jẹ́ kí òun yọkùn! Fítámì ló ń lò. Ó kún firíjì mi débi pé mi ò ríbi gbé wàrà sí. Ìdí ló ń gún un sí. Láti ilé ìdáná ni mo ti ń gbọ́ bó ṣe ń ké yéè! Ẹ má ba orúkọ ọbẹ̀ mi jẹ́!"

Gbogbo èrò yíjú sí ìdí Evaristo.

"Donya, kí ni wọ́n kọ sára ìgò náà?" ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn.

"Mi ò mọ ohun tí wọ́n kọ. Àmọ́ àwòrán ẹṣin wà níbẹ̀."

Háà! Oògùn ẹṣin! Ẹnì kan yán bí ẹṣin. Ẹlòmíì gbè é. Kí a tó ṣẹ́jú, gbogbo pápá ń yán, àwọn ọmọdé ń fi bàtà lu àga kò-kò-kà. Òkè-Ń-Rìn ti di Ẹṣin-Ń-Gbá-Bọ́ọ̀lù. Ọ̀gbẹ́ni Paniagua fọwọ́ ara rẹ̀ ya àwòrán ńlá yẹn lulẹ̀. Evaristo fa aṣọ orí tábìlì, ó fi bo Àrá, Ìjì yọ síta. Ó bo Ìjì, Àrá yọ síta.

Àánú ọmọ ṣe ìyá nígbà tó rí omijé lójú rẹ̀. Ó bu ọbẹ̀ kún àwo fọ́fọ́, ó gbé e fún un. "Jókòó, ọkọ mi. Jẹun. Ó ti pẹ́."

Evaristo na ọwọ́ gbà á. Ṣùgbọ́n Dókítà Ureña, obìnrin tó ń ṣe àyẹ̀wò fún àjọ bọ́ọ̀lù, ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí àga rẹ̀, ó mú ife òfìfo kan lọ́wọ́. Gbohùngbohùn kò tíì kú.

"Ẹ jọ̀ọ́, Donya," ó sọ, ohùn rẹ̀ sì dún dé etíkun, "ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ tọ̀ ná."