Òkú Tó Pe Tíṣà Lẹ́jọ́

Ẹjọ́ kan dé ààfin lánàá tó jẹ́ pé òkú ló pè é. Òkú ọ̀hún fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá, inú sì ń bí i.

Bàbá Aláwọ̀n ni gbogbo ènìyàn ń pè é, torí àwọ̀n ìpẹja ló ń tún ṣe. Ẹni tó pè lẹ́jọ́ ni Tíṣà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Òkun ti ń jẹ itẹ́ òkú ẹbí wọn díẹ̀díẹ̀. Ibojì mẹ́ta ló gbé lọ lọ́dún tó kọjá. Ni Tíṣà bá mú ìwé, bírò àti búrọ́ọ̀ṣì, ó ń fọ òkúta ibojì, ó ń kọ orúkọ, kí ẹbí lè kó àwọn tó kù lọ sórí òkè. Orúkọ méjìlélógún ló rí kà. Ó lẹ ìwé náà mọ́ ilẹ̀kùn ilé ẹbí, Bàbá Aláwọ̀n sì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹnì kẹtàdínlógún.

Ojú ẹsẹ̀ ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá ìyàwó rẹ̀ kẹ́dùn. Bàbá gan-an ló ń ṣílẹ̀kùn fún wọn.

“Kábíyèsí, bírò ni Tíṣà fi pa mí,” ni Bàbá Aláwọ̀n wí.

Tíṣà kúnlẹ̀, ó ní ohun tó wà lára òkúta lòun kọ: orúkọ Bàbá, ọdún tí wọ́n bí i, àti ọdún tó kú, ó di ọdún mẹ́jọ báyìí. Gbogbo ìjòyè yíjú sí olùpẹjọ́.

Bàbá wúkọ́. Ó ní lóòótọ́, òun lòun ní kí wọ́n ṣe òkúta náà, kí òun lè fi gba àyè lábẹ́ igi, níbi tí atẹ́gùn ti dáa. Ẹni tí ò bá tètè gba àyè nínú ẹbí yìí, ẹ̀gbẹ́ ẹni tí kì í bá a sọ̀rọ̀ ni wọ́n máa sin ín sí. Ní ti ọdún ikú, kí wọ́n bi bíríkìlà tó ṣe é.

Bíríkìlà kọ́kọ́ ní Bàbá ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọdún náà. Nígbà tí Bàbá tẹjú mọ́ ọn, ó ní òun lòun fi í sí i, torí òkúta náà dà bíi pé kò tíì parí. “Mo rò pé tó bá yá, á bá a mu.”

Wọ́n bi ìyàwó bóyá ọkọ rẹ̀ wà láàyè. Ó ronú díẹ̀. “Tí oúnjẹ bá délẹ̀, ó wà láàyè. Tí omi bá tán nílé, mi kì í rí i.”

Ààfin rẹ́rìn-ín títí, àfi Tíṣà. Ó ní òkúta mẹ́fà wà tí iyọ̀ òkun ti jẹ lẹ́tà ara wọn tán. Bàbá nìkan ló mọ àwọn tó wà níbẹ̀, kò sì bá òun sọ̀rọ̀ mọ́ látìgbà tó ti rí ìwé yẹn. Ẹbí ní àwọn ò ní kó ẹni tí àwọn ò mọ̀.

“Bàbá, mi ò fẹ́ kí omi gbé ẹnikẹ́ni lọ láìlórúkọ.”

Bàbá wolẹ̀.

Kábíyèsí dájọ́. “Ohun tó wà lára òkúta, ààfin ò lè pa á rẹ́. Bàbá Aláwọ̀n ti kú.”

Ìyàwó rẹ̀ ṣe àmín.

“Ṣùgbọ́n nínú gbogbo òkú ibẹ̀, òun nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Òun la fi ṣe agbẹnusọ wọn. Ọjọ́ tó bá dárúkọ àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fún Tíṣà la máa jí i dìde. Kó tó dìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fún un lóúnjẹ. Òkú kì í jẹun.”

Bàbá béèrè bóyá òun lè bẹ̀rẹ̀ báyìí, torí ọ̀sán ti pọ́n.

Láti ààfin ni wọ́n gba etí òkun lọ. Nídìí òkúta àkọ́kọ́, èyí tó kéré jù, Bàbá lóṣòó.

“Àbúrò mi ni. Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò láyé.”

“Ẹ pe orúkọ ẹ̀ fún mi, Bàbá.”

Ó pè é jẹ́ẹ́jẹ́. Tíṣà kọ ọ́, ó sì fa ìwé náà lé e lọ́wọ́ kó fojú ara rẹ̀ rí i. Nígbà tí oòrùn fi máa wọ̀, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti lórúkọ, olóògbé sì ti bu oúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì.