Tírélà Agolo Tí Ògúnṣínà Ṣe

Ṣé ẹnì kan nínú yín mọ ohun tó mú kí àwọn àgbà Ògèrè máa pa á lówe pé, “Ẹni tó ní kí oníṣẹ́ má fo nǹkan kan, òun ni yóò he ohun tó bá já sílẹ̀”? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Mo rí i lójú yín. Ẹ kàn ń pa á kiri ni, bí ẹni wọ bàtà bàbá rẹ̀ tí kò béèrè ibi tí bàbá ti rà á. Àwọn àgbà tí ẹ sì ń gbọ́ yẹn, èmi wà lára wọn. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí òwe yìí dáyé, mo sì sáré títí bàtà mi fi sọnù. Ẹ fara balẹ̀, kí ẹ gbọ́.

Awakọ̀ ni mí nígbà náà, ní gáréèjì àwọn onítírélà. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Sùráájù. Tírélà kan ṣoṣo ló fi ṣiṣẹ́ awakọ̀ fún ọdún mọ́kànlélógún. Á kó sìmẹ́ńtì lọ sí Jọ́ọ̀sì, á kó pòtétò bọ̀. Ọkọ̀ yẹn ti gbó ju Sùráájù alára lọ. Bíréèkì rẹ̀ kì í mú un dúró àfi tí wọ́n bá ki igi wẹ́ẹ̀jì bọ abẹ́ táyà. Ọwọ́ òsì ló máa ń fà sí. Ilẹ̀kùn òsì sì máa ń ṣí fúnra rẹ̀ nígbà tó bá wù ú, kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. “Má kánjú” ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀, àmọ́ ẹ̀ka igi kan ti ha “Má” dànù ní Lọ́kọ́jà, ó wá ku “kánjú” nìkan. Bẹ́ẹ̀ kò sí ọkọ̀ tó lọ́ra tó o ní gbogbo gáréèjì wa.

Ibà ló pa Sùráájù, kì í ṣe ọkọ̀. Ó dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tó máa fi di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a ti sin ín. Oṣù mẹ́ta kò tíì pé tí àwọn ẹbí rẹ̀ fi ta tírélà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Wúlẹ̀mọ́tù, ìyàwó rẹ̀, dúró lẹ́bàá títì, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Kò sunkún. Ó kàn ń bi wá pé ṣé wọ́n máa gé orí ọkọ̀ náà ni, ṣé wọn ò lè fi orí rẹ̀ sílẹ̀.  Ọjọ́ yẹn dùn mí ju ọjọ́ ìsìnkú lọ.

Obìnrin yìí dá wà. Ọlọ́run ò fún òun àti Sùráájù lọ́mọ. Àbúrò kan ṣoṣo tó ní, Sídíkátù, ń gbé ní Ìpẹru, ìrìn tí kò jìnnà rárá, ṣùgbọ́n ó ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún tí wọ́n ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ìró àdìrẹ ìyá wọn ló fà á. Nígbà tí ìyá kú, Wúlẹ̀mọ́tù tó jẹ́ àgbà ló jogún rẹ̀. Sídíkátù wá lo oṣù díẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, aṣọ náà sì di àwátì. Sùráájù wà lójú ọ̀nà Jọ́ọ̀sì nígbà yẹn. Wúlẹ̀mọ́tù pe àbúrò rẹ̀ lólè lójú gbogbo ará ilé, ó sì kó ẹrù rẹ̀ síta. Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀kan bá wọlé ìnáwó, èkejì á gba ẹ̀yìn jáde.

Nígbà tí ìdánìkanwà fẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀, Wúlẹ̀mọ́tù lọ bá Ògúnṣínà, panẹ́bítà tó máa ń lu ara ọkọ̀ wa bó bá ti tẹ̀. Ó ní kó fi agolo ṣe tírélà Sùráájù ní kékeré fún òun, kí òun máa gbé e sórí àga tí ọkọ òun máa ń jókòó sí, kí àga náà yéé ṣófo.

Ó yẹ kí n sọ irú ẹni tí Ògúnṣínà jẹ́ fún yín. Kì í fo nǹkan. Ó kí mi lọ́jọ́ kan pé mo ti rù, mo ní rárá o, n kò rù. Ọkùnrin yìí wọlé, ó mú okùn jáde, ó fi wọn ìbàdí mi, ó sì ní kí n padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Wúlẹ̀mọ́tù lọ bá, tó wá sọ fún un pé, “Ṣe é bó ṣe rí gan-an. Má fo nǹkan kan.”

Ògúnṣínà bi í lẹ́ẹ̀mẹta bóyá ó dá a lójú. Ó ní ó dá òun lójú.

Oṣù méjì ló fi ṣe é. Agolo mílíìkì ló fi ṣe orí, páànù òrùlé ló fi ṣe ẹ̀yìn. Ó gé sílípáàsì àlòkù sí táyà méjìdínlógún, ó wá jókòó ti ọ̀kan, ó ń ha á títí tó fi dán bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀, nítorí pé táyà kẹta lọ́wọ́ òsì ti dán kí Sùráájù tó kú. Bọ́tìnnì ẹ̀wù ló fi ṣe iná, aṣọ agbòjò ló fi ṣe tàpólì tí wọ́n fi ń bo ẹrù. Gígùn rẹ̀ tó apá mi yìí, láti èjìká dé orí ìka. Ó ń pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan pé ká wá wò ó. Èmi ni mo rán an létí pé dígí ẹ̀gbẹ́ ti fọ́, pé rọ́bà ni Sùráájù fi so ó. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó fọ́ dígí tó ti fi odidi ọjọ́ méjì gé, ó fi rọ́bà so ó. Ó lu bọ́ńpà wọnú níbi tí ọkọ̀ ti gbá afárá Jẹ́bà. Ó kọ “Má kánjú” síwájú, ó dúró kí ọ̀dà gbẹ, ó wá fi ìṣó ha “Má” dànù.

Lọ́jọ́ tó gbé e délé, a pé bíi mẹ́wàá lọ́dẹ̀dẹ̀ Wúlẹ̀mọ́tù. Obìnrin náà ti pe Àlùfáà Búsàrí kó wá ṣe àdúà. Ògúnṣínà gbé tírélà sílẹ̀, ó ki igi wẹ́ẹ̀jì kan tí kò ju ọmọ ìka lọ bọ abẹ́ táyà, ó sún sẹ́yìn.  Ẹ̀yin èèyàn mi, ó dà bíi pé Sùráájù ṣẹ̀ṣẹ̀ páàkì ni, tó lọ fẹsẹ̀ tọ̀. Awakọ̀ kan ṣí fìlà lórí. Wúlẹ̀mọ́tù fọwọ́ kan bọ́ńpà tó tẹ̀ yẹn, ni ẹkún tí kò sun lọ́jọ́ tí wọ́n gé ọkọ̀ bá dé.

Ibi tó ti ń nu ojú ló ti rí igi kékeré lábẹ́ táyà. Ó rò pé pàǹtí ló há síbẹ̀. Obìnrin tó mọ́ tónítóní ni. Ó yọ ọ́.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé yẹn dà gẹ̀rẹ́ sí ìta kí omi òjò lè ráyè ṣàn. Tírélà kọ́kọ́ rọra yí. Ó gba iwájú Àlùfáà kọjá, ó ta búùtà àlùwàlá rẹ̀ dànù. Ẹnì kan ké pé, “Wẹ́ẹ̀jì!” Bí a ṣe gbọ́ ọ, gbogbo awakọ̀ fò dìde, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọdún la ti fi sá tẹ̀lé bàbá ọkọ̀ yẹn. Àwọn ọkùnrin tó ti ní ọmọ-ọmọ ń lé agolo mílíìkì, kálukú ń ṣa òkúta. Ọkọ̀ já àtẹ̀gùn mẹ́ta, kò ṣubú. Ó fà sọ́wọ́ òsì bó ṣe máa ń fà, ó gba orí ẹní tí aládùúgbò sá ata sí, ó la àárín àwọn adìyẹ kọjá. Àlùfáà tí kò wa ọkọ̀ rí láyé rẹ̀ náà ń ké wẹ́ẹ̀jì. Ògúnṣínà nìkan ni kò sáré. Ó ká ọwọ́ lẹ́yìn, ó ń mi orí, bí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ yọrí sí rere. Nígbà tó yá, ọkọ̀ já sí gọ́tà, ó dojú dé, ilẹ̀kùn òsì ṣí fúnra rẹ̀, nǹkan kan sì já sílẹ̀ níbẹ̀.

Aṣọ ni, wọ́n ká a bí ìrọ̀rí, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. A ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí Wúlẹ̀mọ́tù bẹ̀rẹ̀ tó he é. Ó tú u. Àdìrẹ ni, òwú pupa tí ìyá wọn fi ọwọ́ rán sì wà létí rẹ̀. Kò sí irú rẹ̀ méjì. Ó bi Ògúnṣínà pé níbo ló ti rí i.

Ògúnṣínà kò mọ nǹkan kan nípa ìjà ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ó ní, “Aṣọ tí Sùráájù máa ń fi rọrí nínú ọkọ̀ ni. Láti ọjọ́ tí mo ti ń tún ọkọ̀ yẹn ṣe ló ti wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n gé e, mo mú un, mo fi ń nu epo. Èyí ló ṣẹ́kù. Ẹ ṣáà ní kí n má fo nǹkan kan.”

Ó wá kàn mí láti sọ̀rọ̀, nítorí pé èmi mọ èyí tó kù. Sùráájù ti jẹ́wọ́ fún mi lójú ọ̀nà. Ó ní òtútù Jọ́ọ̀sì pọ̀ lápọ̀jù, òun sì mú aṣọ náà nítorí pé òórùn ìyàwó òun wà lára rẹ̀. Ìgbà tó fi máa padà dé, wọ́n ti lé Sídíkátù. Ó ní tí òun bá dé láti ìrìn àjò tó ń bọ̀, òun á sọ ọ́. Tó bá dé, ẹ̀rù á bà á. Ìrìn àjò kan di méjì, ó di ọdún mẹ́rìndínlógún. Èmi náà sì dákẹ́, mo ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni. Ojú ṣì ń tì mí di òní.

Wúlẹ̀mọ́tù kò mọ èyí tí òun máa ṣe, bóyá kí òun sunkún ọkọ tó fi aṣọ òun rọrí ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, tàbí kí òun bú ọkọ tó jẹ́ kí òun lé ọmọ ìyá òun bí olè. Ó ṣe méjèèjì pọ̀. Ó ń sunkún, ó ń bú u. Àlùfáà kò mọ èyí tí òun máa ṣe àmín sí.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé tírélà lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n sin òun lọ sí Ìpẹru. A bá Sídíkátù lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Irun rẹ̀ ti funfun ju ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Wúlẹ̀mọ́tù kúnlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀ fún àbúrò, n kò rí irú rẹ̀ rí, mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ro gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó na aṣọ náà sí i.

Sídíkátù gba aṣọ yẹn, ó fọwọ́ pa òwú pupa tó wà létí rẹ̀. Ó ní, “Nígbà tí ẹ lé mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tú ẹrù mi wò. Mo ní bóyá mo jí i lóòótọ́, tí mi ò mọ̀. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ò jẹ́ parọ́ mọ́ mi.”

Wúlẹ̀mọ́tù dojú bolẹ̀. Ó ní Ògúnṣínà ló ṣe òun báyìí, kí ló dé tí kò fo aṣọ yẹn, òun ì bá kú láìmọ̀.

Sídíkátù bi í pé, “Ta ló ní kó má fo nǹkan kan?”

“Èmi ni.”

“Ẹ̀yin náà lẹ máa he é nìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ dìde nílẹ̀.”

Kò sọ pé òun ti dárí jì í. Kò tíì lè sọ ọ́ nígbà yẹn. Ó kàn sún àwo ẹ̀wà sáàárín àwọn méjèèjì, wọ́n sì jọ ń ṣà á. Kò sẹ́ni tó ní kí èmi jókòó. Mo dúró sójú oòrùn, tírélà lọ́wọ́ mi, títí wọ́n fi ṣa ẹ̀wà náà tán. Ó tọ́ sí mi.

Láti ìgbà náà, bí ẹ bá gbé iṣẹ́ fún Ògúnṣínà, á kọ́kọ́ fi ohùn jẹ́jẹ́ bi yín pé èwo ni kí òun fo. Ẹ má fi rẹ́rìn-ín o, ẹ ronú kí ẹ tó dá a lóhùn. Ẹni tó ní kí oníṣẹ́ má fo nǹkan kan, òun ni yóò he ohun tó bá já sílẹ̀.